Ìṣíkiri sí ilẹ̀ òkèèrè: èrè ń bọ́ sápò kan, ìnáwó ń jáde lápò mìíràn

Ẹni tó bá kó kúrò ní orílẹ̀-èdè tó ń gbé, tó lọ fi òmíràn ṣe ibùgbé, là ń pè ní aṣíkiri. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi àkókò kún un: ẹni tó bá lò tó oṣù 12 níbẹ̀ ni aṣíkiri ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ẹni tó lọ kí ẹbí fún ọ̀sẹ̀ méjì kò sí níbẹ̀. Àlàyé yìí kò bèèrè ohun tó lé èèyàn nílé, kò sì bèèrè bóyá ìwé rẹ̀ pé. Akẹ́kọ̀ọ́, bíríkìlà, dókítà, ìyàwó tó lọ bá ọkọ rẹ̀, àti ẹni tí ogun lé jáde, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́ nínú ìwé ìṣirò. Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti máa ń dàrú: ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nípa dókítà, ẹnì kejì ń fèsì nípa asásálà.

Lọ́dún 2024, àjọ náà fojú bù ú pé aṣíkiri tó wà láyé jẹ́ mílíọ̀nù 304. Lọ́dún 1990, nǹkan bíi mílíọ̀nù 154 ni wọ́n. Òótọ́ ni pé ó ti pọ̀ sí i, àmọ́ nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, aṣíkiri kò pé mẹ́rin. Àwọn tó kù ṣì ń gbé ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí wọn sí. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí bí àwọn olóṣèlú kan ṣe ń sọ ọ́, ó dà bíi pé gbogbo ayé ló ti di ẹrù.

Asásálà ní ààyè tirẹ̀ lábẹ́ òfin. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Geneva lọ́dún 1951 sọ pé òun ni ẹni tó wà lẹ́yìn odi orílẹ̀-èdè rẹ̀, tí ẹ̀rù tó nídìí ń bà pé wọ́n á ṣe inúnibíni sí òun nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ tàbí èrò òṣèlú rẹ̀. A kò gbọdọ̀ dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà sínú ewu. Ẹni tó wá iṣẹ́ lọ kò ní ààbò yìí. Ọ̀pọ̀ asásálà kì í sì í rìn jìnnà: Tọ́kì ló gba àwọn ará Síríà jù lọ, Lẹ́bánónì àti Jọ́dánì náà gba ọ̀pọ̀.

Kì í ṣe àwọn tó tòṣì jù ló ń lọ jù. Físà, ọkọ̀ òfuurufú, ìdánwò èdè, gbogbo rẹ̀ ń gba owó. Nígbà tí orílẹ̀-èdè tálákà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́wọ́ mú, iye tó ń jáde sábà máa ń kọ́kọ́ pọ̀ sí i, torí àwọn tó fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ ti rí owó ọ̀nà. Ó dìgbà tí ìgbé ayé bá dẹrùn dáadáa kó tó dínkù.

Ẹ jẹ́ ká tọ owó lẹ́yìn, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Báńkì Àgbáyé ṣírò pé lọ́dún 2023, owó tí àwọn aṣíkiri fi ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀ púpọ̀, lọ́nà tó lákọsílẹ̀, lé ní bílíọ̀nù 600 dọ́là. Ó ju owó ìrànwọ́ tí àwọn ìjọba olówó ń fún wọn lọ fíìfíì. Íńdíà ló ń gbà jù, Mẹ́síkò tẹ̀ lé e. Owó yìí kì í gba ọ́fíìsì ìjọba kọjá. Ọwọ́ ìyá, àbúrò tàbí ọmọ ló ń bọ́ sí tààrà, wọ́n á fi ra oúnjẹ àti oògùn, wọ́n á fi san owó iléèwé. Nígbà tí ọ̀dá tàbí omíyalé bá dé, àwọn olùdókòwò lè sá, àmọ́ aṣíkiri sábà máa ń fi kún iye tó ń fi ránṣẹ́. Ohun tó dùn mí ni iye tí wọ́n ń yọ lójú ọ̀nà: ní ìpíndọ́gba, ẹni tó fi 200 dọ́là ránṣẹ́ ń pàdánù nǹkan bíi 12 dọ́là sí owó ìfiránṣẹ́ àti pàṣípààrọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò pé kó wálẹ̀ sábẹ́ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tó bá fi máa di 2030. Àwọn tó ń fọ ilé, tó ń ru bíríkì, ló ń san owó yìí. Kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó tó bọ́ sọ́wọ́ ìyá kò lè rọ́pò nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn. Owó orí ará ìlú ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì. Bó bá lọ, ẹbí rẹ̀ ń jèrè, orílẹ̀-èdè tó gbà á rí òṣìṣẹ́ tí kò náwó kọ́. Aláìsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù tó fi sílẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Lọ́dún 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan kalẹ̀ pé kí wọ́n yéé lọ ṣa òṣìṣẹ́ ìlera láti ibi tí wọn kò ti tó. Kò sí ìjìyà fún ẹni tó bá rú u. Lójú tèmi, kò tọ́ ká de nọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ nílé. Ẹni tó gbà á ni kó bá wọn san owó ẹ̀kọ́ àwọn tó máa rọ́pò rẹ̀.

Níbi tí wọ́n lọ, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá àlejò ń gba iṣẹ́ onílé. Lọ́dún 1980, nǹkan bíi 125,000 ará Cuba wọ ọkọ̀ ojú omi láti èbúté Mariel lọ sí Florida láàárín oṣù díẹ̀. Iye òṣìṣẹ́ ní Miami fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé David Card yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé owó iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé mìíràn, George Borjas, wá wo kìkì àwọn ọkùnrin tí kò parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ní owó tiwọn já wálẹ̀ gan-an. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Àlejò ń jẹun, ó ń háyà ilé, ó ń ra aṣọ, iṣẹ́ sì ń jáde látinú ìnáwó rẹ̀. Àmọ́ ilé kì í yára pọ̀ bí èèyàn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àpò ìjọba àpapọ̀ ni èyí tó pọ̀ nínú owó orí aṣíkiri ń lọ, ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ń wá àga fún ọmọ rẹ̀ ní kíláàsì. Ẹni tó ń bínú pé owó ilé ti wọ́n kì í ṣe ọ̀tá àlejò dandan. Owó tó yẹ kó tẹ̀ lé èrò náà ni kò dé àdúgbò rẹ̀.

Aṣíkiri fúnra rẹ̀ ńkọ́? Owó tó ń gbà lórí iṣẹ́ kan náà lè di ìlọ́po mélòó kan. Ó sì lè jẹ́ pé wọn kò ka ìwé ẹ̀rí dókítà rẹ̀ sí níbi tó dé, kó máa wa takisí. Ẹni tọ́rọ̀ rẹ̀ le jù ni ẹni tó yáwó fún alágbàtà kó tó lọ, tí físà rẹ̀ sì so mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo. Lábẹ́ ètò kafala, tó gbilẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè Gulf, bíi Qatar, àti ní Lẹ́bánónì, ọ̀gá ló ń ṣe onídùúró fún òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìgbàṣẹ, ó lè di arúfin. Gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, ìwé ìrìnnà rẹ̀ sì lè wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Kí ló máa fi bá ọ̀gá dúnàá-dúrà? Lọ́dún 2020, Qatar yí òfin rẹ̀ padà kí òṣìṣẹ́ lè pààrọ̀ iṣẹ́ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá, síbẹ̀ àwọn ọ̀gá kan ṣì ń fi ẹ̀sùn pé ó sá níṣẹ́ halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá fẹ́ lọ.