Ta Ló Ni Ilé? Bí Iṣẹ́ Ọnà Ṣe Gbé Folkestone Dìde Létí Òkun

Folkestone, ìlú kan létí òkun ní Kent, gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti rí ayé rí. Nígbà tí rélùwéè dé ibẹ̀ ní 1843, ìlú náà di ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ Faransé: èrò á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi ní ebúté, ó di Boulogne. Òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá dúró lórí òkè tó kọjú sí òkun, olówó àti mẹ̀kúnnù sì ń wá fi ọlidé jẹ ìgbádùn níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wọmi. Ọkọ̀ òfuurufú olówó pọ́ọ́kú bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Spain, níbi tí oòrùn ti dájú. Ní 1994 wọ́n ṣí ọ̀nà abẹ́ òkun tó lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀bá Folkestone gan-an ni ẹnu rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò rí ìdí tí wọ́n fi máa yà wọ ìlú. Nígbà tó di 2000, ọkọ̀ ojú omi Boulogne dáwọ́ dúró.

Ìlú etíkun tó bá ṣubú báyìí, dídìde rẹ̀ a máa nira ju ti ìlú àárín ilẹ̀ lọ. Ìlú àárín ilẹ̀ ní abúlé níwájú àti lẹ́yìn, lọ́tùn-ún àti lósì, tí yóò máa wá ná ọjà rẹ̀. Ti etíkun, omi ló gba apá kan, kò sì sí oníbàárà nínú omi. Òtẹ́ẹ̀lì tí kò rí àlejò mọ́ a di ilé tí wọ́n gé sí yàrá kéékèèké fún ẹni tí kò rówó gba ilé tó dáa. Ọmọ tó bá mọ̀wé a wáṣẹ́ gba London lọ, kì í sì í padà. Ní Folkestone, Old High Street àti Tontine Street, àwọn òpópónà àtijọ́ tó já sí ebúté, ló jẹ ìyà náà jù: ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi pákó kàn pa, òrùlé tó ń jò, ilé tí onílé kò yà wò mọ́.

Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ń wá. Ayàwòrán, amọ̀kòkò, ahunṣọ, ẹni tó ń ṣe fíìmù: àyè tó gbòòrò ni wọ́n nílò, fèrèsé tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, àti owó ilé tí kò ga. Wọn kò bìkítà bí àdúgbò bá rí jákujàku, nítorí èrò tó ń kọjá lójú títì kọ́ ló kọ́kọ́ ń ra ọjà wọn. Wọ́n á kun ilé, iná á tàn, ẹnì kan á ṣí ilé kọfí sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yà wò wọ́n. Ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò tó bá ti di ààyò, lándọ́ọ̀dù á fowó lé owó ilé. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ tún àdúgbò ṣe kò ní lè san án mọ́, á kó ẹrù rẹ̀, ilé ìtajà olówó ńlá á sì gba àyè rẹ̀. London rí èyí, New York rí i, Berlin náà rí i.

Folkestone mú ilé kí ó tó pe iṣẹ́ ọnà, ohun tó sì yà á sọ́tọ̀ nìyẹn. Roger De Haan, oníṣòwò kan, ni ọ̀rọ̀ náà ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Inú ìlú yìí ni bàbá rẹ̀, Sidney, ti dá ilé iṣẹ́ Saga sílẹ̀ ní 1951, tó ń ṣètò ọlidé fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lásìkò tí òtẹ́ẹ̀lì kò ní èrò. Ní 2004 wọ́n ta Saga ní bílíọ̀nù 1.35 owó pọ́n-ùn. Kí wọ́n tó tà á ni De Haan ti dá àjọ Creative Foundation sílẹ̀ ní 2002, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Creative Folkestone lónìí. Àjọ aláàánú tó jẹ́ ti De Haan ń ra ilé ní àdúgbò àtijọ́ náà, wọ́n ń tún un ṣe láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, wọ́n sì ń fi í síkàáwọ́ Creative Foundation fún ọdún 125 ní owó táṣẹ́rẹ́ tí kò tó nǹkan. Ilé tí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 90.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Creative Foundation ló wà nípò lándọ́ọ̀dù. Ó ń gba owó ilé tí oníṣẹ́ ọnà lè san, ó sì ń fi owó náà tún ilé ṣe. Bí iye ilé bá gòkè, kò sí ẹni tí yóò tà á kó èrè rẹ̀ sá lọ. Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá ṣófo, kò pọn dandan kí wọ́n gbé e fún ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n lè wo ohun tí òpópónà náà ṣaláìní. Old High Street ṣàfihàn èyí dáadáa. Ọ̀nà tóóró ni, ó dagẹ̀rẹ̀, ó sì ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ lọ sísàlẹ̀ ebúté. Nínú àwọn ilé rẹ̀, ọjà wà nísàlẹ̀, yàrá iṣẹ́ wà lẹ́yìn tàbí lókè, àwọn èèyàn sì ń gbé ní àjà òkè pátápátá. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ṣú, ìmọ́lẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé, àdúgbò kò sì di ahoro lẹ́yìn aago mẹ́fà.

Ilé nìkan kò lè mú àlejò wá. Láti 2008 ni wọ́n ti ń ṣe Folkestone Triennial, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà tó yẹ kó máa wáyé ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, tí wọ́n ń pe oníṣẹ́ ọnà láti onírúurú ilẹ̀ wá fi ìlú náà ṣe gbàgede. Wọn kì í kó iṣẹ́ náà jọ sínú ilé kan. Wọ́n máa ń fọ́n ọn káàkiri ni, tí àjọ̀dún bá sì parí, wọ́n máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú títí láé. Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ju 70 lọ. Tracey Emin fi idẹ rọ ìbọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́ ọmọ jòjòló, ó fi ọ̀kan sórí irin ọgbà, ó fi òmíràn sábẹ́ bẹ́ǹṣì, tí ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìyá ọlọ́mọ kan ló sọ ọ́ nù. Ère irin Antony Gormley wà lábẹ́ Harbour Arm, odi gígùn tó wọ inú òkun lọ. Bí òkun bá kún, omi a bò ó. Ní 2014, Michael Sailstorfer, ará Jámánì, ri ègé wúrà 30 mọ́ inú yanrìn ebúté, iye gbogbo rẹ̀ jẹ́ 10,000 pọ́n-ùn. Ẹni tó bá rí i ló ni ín. Tọmọdé tàgbà rọ́ dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì, àmọ́ kò sí bí wọ́n ṣe lè gbẹ́lẹ̀ àfi kí òkun fà sẹ́yìn. Bí òkun bá tún padà dé, inú ìlú ni kálukú ń gbà lọ, ebi sì ti ń pa wọ́n.

Ibẹ̀ ni owó ti ń yí. Wíwo iṣẹ́ ọnà wọ̀nyí, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí wọn gbọ́dọ̀ rìn láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin dé ebúté, á kọjá lára ṣọ́ọ̀bù, á mu tíì, á jẹ ẹja, bí ó bá rẹ̀ ẹ́, á sùn mọ́jú. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 tó sì ń gbé èèyàn dé láti London láàárín wákàtí kan ó dín díẹ̀, ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Ẹni tó bá ń yin iṣẹ́ ọnà nìkan fún àtúnbí Folkestone kò sọ òótọ́ tán.

Margate, tí kò jìnnà síbẹ̀, gba ọ̀nà mìíràn. Ilé ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́, Turner Contemporary, tí David Chipperfield yàwòrán rẹ̀, tó gba mílíọ̀nù 17.5 pọ́n-ùn, tí wọ́n sì ṣí ní 2011. Ní 2016, Yinka Shonibare, ọmọ Yorùbá tó dàgbà l'Ékòó, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé síbẹ̀ tó fi àǹkárá bò, ó kọ orúkọ àwọn tó ṣí wá sí Gẹ̀ẹ́sì àti ti ọmọ wọn sí ẹ̀yìn ìwé náà. Àlejò rọ́ wá, ìlú sì yí padà. Àmọ́ ọwọ́ oníkálukú ni ilé ìlú wà. Bí àwọn ará London ṣe ń wá ra ilé, owó ilé fò sókè, àwọn ọmọ ìlú àti oníṣẹ́ ọnà kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọn yóò gbà. Ẹ̀yìn èyí ni Tracey Emin, tó dàgbà ní Margate, sọ ilé ìwẹ̀ àtijọ́ kan di yàrá iṣẹ́ fún àwọn oníṣẹ́ ọnà ní 2023.

Èyí tó burú jù lọ ni ti Pelourinho ní Salvador, Brazil, àdúgbò tí ìṣẹ̀ṣe Yorùbá kún fọ́fọ́. Nígbà tí ìjọba Bahia ń tún àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ ṣe láti 1992, wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn aláìní, tí púpọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, jáde kúrò níbẹ̀, wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Ìlù ni arìnrìn-àjò wá gbọ́, àwọn tó ń gbé pẹ̀lú ìlù náà ni wọ́n sì lé kúrò.

Folkestone náà kò tíì bọ́. Inú àdúgbò tí àjọ náà dì mú nìkan ni ààbò rẹ̀ dé. Lẹ́yìn òde rẹ̀, owó ilé ń gòkè, ilé olówó gọbọi sì ti dìde létí òkun, èyí tí ọ̀pọ̀ ará ìlú kò fara mọ́. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àlejò mú wá, iṣẹ́ ilé oúnjẹ àti ilé kọfí ni; owó rẹ̀ kéré, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń pọ̀. Àjọ̀dún náà kò sì lè fi owó ilé nìkan gbéra: ó ń retí owó Arts Council England, àjọ tó ń fi owó ìjọba ti iṣẹ́ ọnà lẹ́yìn, àti ti àwọn olùrànlọ́wọ́. Ẹni tó ń háyà ilé lọ́wọ́ onílé mìíràn ní ìta àdúgbò náà kò ní ọdún 125 kankan lọ́wọ́. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, onílé lè yí i padà bó bá ti tó àsìkò.