Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Ìnira Obìnrin Tó Ní Jẹjẹrẹ Ọmú

Ẹ̀rọ lè fi bí kókó inú ọmú ṣe tóbi tó han dókítà. Ẹ̀rọ náà kò lè sọ bóyá obìnrin náà rí oorun sùn lánàá, bóyá apá rẹ̀ ṣì ń gòkè tó láti di irun ara rẹ̀, tàbí bóyá ó lè wo dígí lẹ́yìn tí wọ́n gé ọmú kan. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, òun ni wọ́n ń bi.

Ọ̀kan nínú ìwé ìbéèrè tó gbajúmọ̀ jù ni QLQ-C30. EORTC, àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ tó wà ní Brussels, ló ṣe é, ó sì jáde ní 1993. Ìbéèrè 30 ló wà nínú rẹ̀, fún oníjẹjẹrẹ èyíkéyìí: àárẹ̀, ìrora, èébì, oorun, títí kan owó tí àìsàn ń ná ni. Ní 1996, BR23 kún un, ìbéèrè 23 fún jẹjẹrẹ ọmú nìkan: irun tó ń re, apá tó wú, ìbálòpọ̀, ìbẹ̀rù bí ara yóò ṣe rí lọ́jọ́ iwájú. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìbéèrè náà: 1 ni rárá, 2 ni díẹ̀, 3 ni ó pọ̀, 4 ni ó pọ̀ gan-an. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń béèrè. Ti ìbálòpọ̀ ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká mú ti apá. Ṣé apá tàbí èjìká ń dùn yín? Ṣé apá tàbí ọwọ́ yín wú? Ṣé ó ṣòro fún yín láti gbé apá sókè? Bí obìnrin kan bá dáhùn 2, 3 àti 4, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9. Tí a bá pín in sí mẹ́ta, ó di 3. Wọ́n á yọ 1 kúrò, wọ́n á fi 3 pín èyí tó kù, wọ́n á sì sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún: ó tó 67. Bó bá wá di 2, 2, 2 lẹ́yìn tó ti ń na apá náà lójoojúmọ́, ó di 33. Ara ti ń tù ú.

Ibí ni àwọn tó ń ka èsì ti máa ń ṣì í. Ní ti àmì àìsàn, nọ́ńbà tó ga burú. Ní ti ohun tí ara lè ṣe, bíi rírìn tàbí iṣẹ́ ilé, nọ́ńbà tó ga ló dára. Ìwádìí Osoba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1998 fi hàn pé nígbà tí nọ́ńbà bá yí padà ní 5 sí 10, aláìsàn fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ìyàtọ̀ díẹ̀ wà. Tó bá ju 20 lọ, ó pọ̀ gan-an.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà béèrè ṣe pàtàkì gan-an. Bí nọ́ọ̀sì bá bi obìnrin Yorùbá pé "Ṣé ara le?", "A dúpẹ́" ni yóò sọ, ìrora ìbáà máa fa apá rẹ̀ ya. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí wọ́n ka ìbéèrè sí i létí bó ṣe wà gẹ́lẹ́, níbi tí ọkọ àti ìyakọ kò sí, pàápàá tó bá kan ìbálòpọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì dáhùn fún un. Ohun mìíràn tún wà: àwọn tó ń ṣàìsàn jù ni kì í sábà dá ìwé padà, èyí sì ń mú kí èsì gbogbo ẹgbẹ́ náà dára ju bó ṣe rí lọ.

Ní ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York, àwọn aláìsàn 766 tí jẹjẹrẹ wọn ti tàn ká ara, ti ọmú wà lára wọn, kópa nínú ìwádìí kan. Àwọn kan ń ròyìn àmì àìsàn 12 lórí kọ̀ǹpútà. Ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ ni àwọn yòókù gbà. Ìròyìn tó burú a lọ bá nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà nọ́ọ̀sì á sì ṣe nǹkan sí i: ó lè pe aláìsàn lórí fóònù láti gbà á nímọ̀ràn, wọ́n sì lè yí oògùn padà. Nínú èsì tó jáde ní 2017, ìdajì àwọn tó ń ròyìn lò ju oṣù 31 lọ láyé. Láàrin àwọn yòókù, oṣù 26 ni.