Owó ìrànwọ́ pàjáwìrì fún oko ní Amẹ́ríkà: kí ni, ta ló sì ń gbà á?

Tí a bá gbọ́ pé ìjọba fún àgbẹ̀ lówó pàjáwìrì, omíyalé tàbí ọ̀dá ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà san lọ́dún 2025, tí wọ́n pè ní ECAP (Emergency Commodity Assistance Program, ètò ìrànwọ́ pàjáwìrì fún ohun ọ̀gbìn), kì í ṣe ọ̀rọ̀ òjò. Ọjà ló fà á. Ajílẹ̀ wọ́n, epo wọ́n, iye tí wọ́n ń ra àgbàdo sì já wálẹ̀. Àgbẹ̀ á kórè rẹpẹtẹ, á tún jẹ gbèsè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, òfin ya bílíọ̀nù 10 dọ́là sọ́tọ̀ fún irú wọn.

Ẹnikẹ́ni kì í wá sóko wá wo ẹni tó jèrè àti ẹni tó pàdánù. Wọ́n fojú bu òfò tó wà lórí éékà kan jákèjádò orílẹ̀-èdè, wọ́n sì mú ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Bí éékà àgbàdo kan ṣe di dọ́là 42.91 nìyẹn. Ti sóyà jẹ́ 29.76, ti òwú 84.74. Ẹni tó gbin àgbàdo sórí ọgọ́rùn-ún éékà, 4,291 dọ́là ló kàn án. Ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ san, kí owó náà lè kárí.

Ta ló wá sọ iye éékà fún ìjọba? Àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, ní ọ́fíìsì Farm Service Agency (FSA), iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìrànwọ́ àgbẹ̀, tó wà ní káúńtì rẹ̀ (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa). Lọ́dọọdún, wọ́n á tẹ́ àwòrán oko tí wọ́n yà láti òfurufú síwájú rẹ̀, á máa fọwọ́ tọ́ka sí i: àgbàdo rèé, sóyà rèé, ọjọ́ báyìí ni mo gbìn ín. Á bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù FSA-578, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ iye éékà sí. Fọ́ọ̀mù yìí gan-an ni owó náà! Ẹni tí tirẹ̀ ti wà nílẹ̀, ilé ni wọ́n fi ìwé ECAP ránṣẹ́ bá a, tí wọ́n ti kọ éékà rẹ̀ sínú rẹ̀. Onílẹ̀ tó kàn ń gba owó háyà kò ní ìpín. Ẹni tí òfò oko lè kàn ló ni ín.

Àwọn àgbẹ̀ ló ń dìbò yan ìgbìmọ̀ káúńtì, tó ń bójú tó ètò FSA ládùúgbò, láàárín ara wọn. Ó dára, àmọ́ ó ti ṣèpalára rí. Àwọn àgbẹ̀ adúláwọ̀ gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ pé wọ́n fi àwọ̀ ara du àwọn ní owó yíyá àti ìrànwọ́ láàárín 1981 sí 1996. Ọdún 1999 ni ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn pé kí wọ́n san owó ìtanràn fún wọn. Ọ̀pọ̀ ti pàdánù ilẹ̀ bàbá wọn kó tó dìgbà náà, ó sì dùn mí gan-an.

Nítorí náà, tí ẹ bá ní ẹbí tó ń dáko lọ́hùn-ún, kódà kó jẹ́ éékà méjì, ẹ ní kó lọ gba nọ́ńbà oko, nọ́ńbà tí FSA fi ń dá oko mọ̀, ní ọ́fíìsì káúńtì rẹ̀. ECAP kò ka ẹ̀fọ́ àti èso mọ́ ọn, àmọ́ ètò mìíràn lè kà á, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n á sì kọ́kọ́ béèrè.