Ta Ni Ẹgbẹ́ Ta? Bí Àtẹ Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Líìgì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Minnesota Ṣe Bẹ̀rẹ̀, Àti Bó Ṣe Yí Padà

Nínú líìgì àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Minnesota tí wọ́n ń pè ní MIAC, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ti gba àmì 97 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní 1977, Concordia ti ìlú Moorhead na Macalester ní 97 sí 6. Ní 2017, St. Thomas na St. Olaf ní 97 sí òdo. Ogójì ọdún ló wà láàárín méjèèjì, ibi tí ọ̀rọ̀ sì já sí kò jọra. Ní ti àkọ́kọ́, ẹni tí wọ́n ń nà ló padà kẹ́rù rẹ̀ jáde. Ní ti ìkejì, ẹni tó ń nà wọ́n ni wọ́n ní kó máa lọ. Inú àtẹ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ la ti máa rí ìdí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni líìgì kọ̀ọ̀kan ti ń sọ ẹni tó kà sí ẹgbẹ́ ara rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe àfẹsẹ̀gbá. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, tí èèyàn 11 ń dojú kọ èèyàn 11, tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó sáré, tí wọ́n sì ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Touchdown kan, ìyẹn kéèyàn gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá alátakò, àmì 6 ni. Bí wọ́n bá tún gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó lẹ́yìn rẹ̀, àmì 1 ni. Touchdown 14 pẹ̀lú ìgbá 13 tó wọlé ló ń di 97. Ìṣẹ́jú 60 sì ni gbogbo eré náà. Ẹ ṣírò rẹ̀: touchdown kan ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin, látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Eré tó ń fọ́ egungun báyìí kò ṣeé gbá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ní Division III, tó jẹ́ ìpele àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré lábẹ́ NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10 péré ni ẹgbẹ́ kan ń gbá láàárín ọ̀sẹ̀ 11, kí ìdíje kò-mẹsẹ̀-ó-yọ tó bẹ̀rẹ̀. Líìgì àfẹsẹ̀gbá lè ní kí olúkúlùkù pàdé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, nílé àti lálejò. Níbí, ẹ̀ẹ̀kan ni, nígbà míì kì í tilẹ̀ kárí. Nítorí náà, àyè kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́wàá yẹn, ojú ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ.

Kí líìgì tó wà, lẹ́tà ni wọ́n fi ń ṣètò eré. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan á kọ̀wé sí èkejì, wọ́n á dá ọjọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi dandan mú ẹni tí kò bá yọjú. Àwọn míì a sì máa kó ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wọ pápá. Ní 1888, kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́rin ní Michigan dá MIAA sílẹ̀: Albion, Hillsdale, Olivet, àti kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó di Michigan State lónìí. Òun ló dàgbà jù nínú gbogbo líìgì kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà. Ti Ohio náà dé ní 1902. Nígbà tó di 1920, kọ́lẹ́ẹ̀jì méje ní Minnesota dá tiwọn sílẹ̀: Carleton, Gustavus Adolphus, Hamline, Macalester, Saint John's, St. Olaf àti St. Thomas. Ẹ fi Macalester, St. Olaf àti St. Thomas sọ́kàn. Wọ́n wà lára àwọn tó fi ìpilẹ̀ ilé náà lélẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ àtẹ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè fi ìwé pélébé kan ṣe é. Ká ní ẹgbẹ́ 10 ni. Kọ 1, 2, 3, 4, 5 sórí ìlà òkè láti òsì sí ọ̀tún. Kọ 10, 9, 8, 7, 6 sí ìlà ìsàlẹ̀, kí 10 wà lábẹ́ 1, kí 6 wà lábẹ́ 5. Ẹni tó bá dojú kọra ló ń pàdé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́: 1 pẹ̀lú 10, 2 pẹ̀lú 9, 3 pẹ̀lú 8, 4 pẹ̀lú 7, 5 pẹ̀lú 6. Fún ọ̀sẹ̀ kejì, 1 kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Gbogbo àwọn yòókù ni kó sún sí iwájú ní àyè kan bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. 10 á gòkè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1, 5 á sọ̀ kalẹ̀ sí ìkángun ìsàlẹ̀. Nísinsìnyí 1 á pàdé 9, 10 á pàdé 8, 2 á pàdé 7, 3 á pàdé 6, 4 á pàdé 5. Bí o bá yí i títí dé ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, gbogbo wọn á ti pàdé ara wọn, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 45, láìsí ẹni tó pàdé ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó máa gbàlejò gan-an ni wàhálà. Kò ṣeé ṣe kí ẹgbẹ́ 10 máa ṣe nílé, lálejò, nílé, lálejò láìyẹsẹ̀: ó kéré tán, ibi mẹ́jọ nínú àtẹ náà ni ẹgbẹ́ kan á ti gbá eré méjì tẹ̀ léra nílé tàbí méjì tẹ̀ léra lálejò. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 9 náà kò ṣeé pín sí méjì ọgbọọgba. Àwọn kan á ní 5 nílé, àwọn kan á ní 4. Wọ́n máa ń yí i padà lọ́dún kejì, kí ẹni tó jẹ gbèsè lè san án. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan tún fẹ́ gbàlejò lọ́jọ́ àpadàwálé àwọn akẹ́kọ̀ọ́-jáde rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ń lé Sátidé kan náà láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá. Ibẹ̀ ni akọ̀wé líìgì ti máa ń lo ìrésà jù.

Bí ẹgbẹ́ bá jẹ́ 9, wọ́n á fi ẹgbẹ́ tí kò sí, ẹgbẹ́ òjìji, kún un kó pé 10. Ẹni tó bá bá òjìji pàdé lọ́sẹ̀ yẹn, ó sinmi. MIAC wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 8, mẹ́rin nílé, mẹ́rin lálejò, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹnì kan jẹ. Méjì tó ṣẹ́ kù nínú mẹ́wàá ni wọ́n fi ń pe àwọn ará ìta. Àléébù rẹ̀ wà nínú ìsinmi yẹn. Ẹgbẹ́ tó sinmi lọ́sẹ̀ tó kọjá á wá pàdé ẹni tí ara rẹ̀ ṣì ń ro ó. Ẹni tí ìsinmi rẹ̀ bá sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn á jókòó sílé, á máa wo àwọn ẹlòmíì bí wọ́n ṣe ń pinnu ẹni tó máa gba ife.

Àtẹ lè pín ọjọ́ ní ọgbọọgba. Kò lè sọ ìka di ọgbọọgba. Láti 1974 dé 1980, Macalester fìdí rẹmi nígbà 50 tẹ̀ léra, àkọsílẹ̀ tí ẹgbẹ́ Division III kankan kò fẹ́ bá wọn dù. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni NCAA dá Division III sílẹ̀, ní 1973, tí wọ́n fòfin dè é pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré ìdárayá. Wọ́n rò pé ìyẹn á mú gbogbo wọn dọ́gba. Sáà àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ló wọ ìdíje orílẹ̀-èdè, Wittenberg sì na Juniata ní 41 sí òdo ní àṣekágbá. Owó tí wọ́n bá yọ lójú ọ̀nà kan máa ń gba ọ̀nà míì wọlé: iye akẹ́kọ̀ọ́, ìdíwọ̀n ìgbaniwọlé, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mọ bí a ti ń wá ọmọ kiri, àti iye ọmọ tó wà lórí ìwé. Ẹni tó ní ọmọ 100 tó ń ṣe ìgbáradì kì í rí ìsinmi kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní 40.

Ní 1999 ni ohun míì yí. Ìdíje orílẹ̀-èdè kúrò ní ẹgbẹ́ 16, ó di 28, wọ́n sì fún àwọn líìgì tó kún ojú òṣùwọ̀n ní àyè kan tí olúborí wọn máa gbà láìbéèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kankan. Látìgbà náà, ife líìgì di tíkẹ́ẹ̀tì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì wúwo ju ti ìta lọ, líìgì tí iye ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá tó méje nígbà náà kò sì ní tíkẹ́ẹ̀tì náà. Iye méje yẹn ló máa padà ká àwọn ààrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì Minnesota lára.

Macalester kó bọ́ọ̀lù rẹ̀ jáde kúrò nínú MIAC ní 2002, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn eré ìdárayá rẹ̀ yòókù dúró. Ó bọ́ lọ́wọ́ ìyà, ó sì kó sọ́wọ́ kàlẹ́ńdà. Ẹgbẹ́ tí kò ní líìgì lè rí alátakò ní ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́, nígbà tí kálukú ń wá ará ìta. Nígbà tí oṣù kẹwàá bá dé, gbogbo líìgì ti wọlé sí tirẹ̀. Ẹni tó kù láti pè ni ẹni tí ìsinmi rẹ̀ bọ́ sí Sátidé yẹn, tàbí ẹni tó jìnnà tó fi jẹ́ pé bọ́ọ̀sì àti òtẹ́ẹ̀lì á jẹ owó sáà náà tán. Ọdún 12 ni wọ́n fi rọ́jú bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó wọ líìgì míì, Midwest Conference, ní 2014.

St. Thomas ńkọ́? Ní 2007, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 2 péré ni wọ́n borí nínú 10. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Glenn Caruso dé ní 2008. Ní 2012 àti 2015 wọ́n ti dé àṣekágbá orílẹ̀-èdè, tí Mount Union ti ìpínlẹ̀ Ohio sì dá wọn padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn tí kò tíì gboyè lé ní 6,000. Ọ̀pọ̀ àwọn yòókù wà ní nǹkan bí 2,000 sí 3,000. Ọdún 2017 ló fi ojú méjèèjì hàn. Ní oṣù kẹsàn-án, St. Thomas àti Saint John's pàdé ní Target Field ní Minneapolis, èrò 37,355 wá wò wọ́n, iye tí Division III kò rí rí, St. Thomas sì borí ní 20 sí 17. Sáà yẹn kan náà ni 97 sí òdo. Líìgì kan náà ló bí eré tó dùn jù àti eré tó bani nínú jẹ́ jù.

Òfin eré kò fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìní ojútùú. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá méjèèjì àti rẹfirí bá gbà, wọ́n lè gé ìṣẹ́jú tó kù kúrú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jìyà ló sábà máa béèrè, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kó tètè béèrè.

Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 2019, MIAC kéde pé St. Thomas máa kúrò, pé ìdọ́gba nínú ìdíje ni olórí ìdí, àti pé ó lè dúró di ìparí sáà ìgbà ìrúwé 2021. Ọ̀rọ̀ ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ pé àwọn kan fẹ́ ya lọ dá líìgì tuntun sílẹ̀. Bí méje bá kó jáde, àwọn tó kù lè sọ tíkẹ́ẹ̀tì wọn nù. Ìbẹ̀rù yẹn yé mi. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé iye akẹ́kọ̀ọ́ nìkan kò lè ṣàlàyé ẹni tó ń borí. Ọkùnrin nìkan ni Saint John's ń gbà, wọn kò sì tó ìdajì St. Thomas, síbẹ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, John Gagliardi, fi wọ́n borí títí ó fi kógbá wọlé ní 2012 pẹ̀lú ìborí 489, èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní Ohio, Mount Union tó jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré gba ife orílẹ̀-èdè 13, ó sì borí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ sáà 110 tẹ̀ léra kí Ohio Northern tó dá a dúró ní 2005. Líìgì Ohio kò lé e. Ní 2016, John Carroll nínú líìgì kan náà na Mount Union ní 31 sí 28. Bí wọ́n bá ti lé e, ta ni John Carroll ìbá dàgbà fún?

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn o. Ní oṣù kẹwàá 2019, Grinnell ní Iowa pa ìyókù sáà rẹ̀ tì lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, torí pé àwọn ọmọ tí ara wọn dá kò ju 28 lọ. Àwọn tí Grinnell yẹ kó pàdé pàdánù ọjọ́ eré tí wọn kò rí dí mọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹgbẹ́ tó ti rù máa forí tì í gbọ́dọ̀ rántí pé egungun ọmọ ló wà ní ìdí rẹ̀.

Àrùn kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n gbá sáà 2020, nítorí náà 2019 ni St. Thomas gbá kẹ́yìn nínú líìgì tó bá wọn dá sílẹ̀. NCAA fún un láyè láti fò láti Division III bọ́ sí Division I, ìpele tó ga jù, tààrà ní 2021. Lọ́dún yẹn kan náà, St. Scholastica wọ MIAC, Macalester náà dá bọ́ọ̀lù rẹ̀ padà wálé. Wọ́n di 10, kò sí òjìji mọ́.

Dípò kí wọ́n yí àtẹ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, márùn-ún-márùn-ún: Northwoods àti Skyline. Nínú ètò 2021 yẹn, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń pàdé gbogbo àwọn tó wà lápá tirẹ̀, ó sì ń pàdé díẹ̀ nínú àwọn tó wà lódìkejì. Ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn ni wọ́n ń fi ipò so ẹgbẹ́ pọ̀: olórí ibí àti olórí ọ̀hún á du ife, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á wá ẹni tó bá wọn tó. Ìnira rẹ̀ ni pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lè má mọ̀ títí alẹ́ Sátidé bóyá bọ́ọ̀sì lòun máa yá fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tàbí pápá lòun máa gé koríko rẹ̀. Àmọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn náà wọ pápá pẹ̀lú ẹni tó ṣeé nà.