Kí Ẹ Tó Ra Gíráíńdà, Ẹ Ra Fáìlì Irin

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ táwọn èèyàn ń rà fún géèmù tàbí iṣẹ́ fídíò, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe é fún tẹ́lẹ̀. Àpótí rẹ̀ há, ibi tí atẹ́gùn ń gbà kò tó nǹkan, tí ẹ bá sì ki káàdì fídíò tó lágbára bọ̀ ọ́, ooru ò ní ríbi gbà jáde. Ìgbà yẹn ni ẹni tó ni ín á ní kóun gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kóun de fáànù mọ́ ọn. Èrò tó dáa ni, inú mi sì máa ń dùn sí ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Àmọ́ ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, gíráíńdà wo ni kí n rà?"

Ẹ má tíì ra gíráíńdà, ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń gé irin. Páànù tí wọ́n fi ṣe àpótí kọ̀ǹpútà kì í nípọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju mìlímítà kan lọ. Gígé rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni kí ihò má bọ́ síbi tó yẹ, kí páànù wọ́, tàbí kí etí ihò máa ya èèyàn lọ́wọ́. Torí náà, owó tó bá kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ra ohun tí ẹ ó fi wọn nǹkan, ohun tí ẹ ó fi sàmì, àti ohun tí ẹ ó fi tún etí ihò ṣe, ìyẹn fáìlì irin.

Ẹ jẹ́ ká mú fáànù mìlímítà 120, òun ló wọ́pọ̀ jù. Ihò sùkúrù mẹ́rin ló wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mìlímítà 105 ló sì wà láti àárín ọ̀kan dé àárín èyí tó kángun sí i. Bí ẹ bá ṣì í ní mìlímítà méjì péré, sùkúrù kan lè má wọlé. Rúlà irin ni kí ẹ lò, ẹ fi tépù aránṣọ sílẹ̀. Ẹ lẹ tépù oníwèé táwọn tó ń kun ilé máa ń lò mọ́ ojú páànù, kí ẹ wá fa ìlà sórí rẹ̀; ìlà á hàn ketekete, ọ̀dà ò sì ní há. Ìlà méjì ni kó dábùú ara wọn níbi tí ẹ bá fẹ́ kí àárín fáànù wà. Láti ibẹ̀, ẹ wọn mìlímítà 52.5 sọ́tùn-ún, sósì, sókè àti sísàlẹ̀, kí ẹ fa ìlà títọ́ gba ojú àmì kọ̀ọ̀kan, lóòró fún ti ọ̀tún àti òsì, níbùú fún ti òkè àti ìsàlẹ̀; ibi tí àwọn ìlà yẹn bá ti dábùú ara wọn ni igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Pọ́ńṣì ló kàn. Irin kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni, ẹ ó gbé e lé àmì, ẹ ó fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ojú tó jìn díẹ̀ yẹn ni ẹnu dírìlì á jókòó sí. Láìsí i, dírìlì á máa yọ̀ káàkiri lórí páànù. Kò wọ́n rárá, síbẹ̀ òun ni mo rí i pé àwọn èèyàn máa ń fò jù.

Dírìlì nìkan ni irin-iṣẹ́ oníná tí mo gbà kí ẹ rà níbẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ lè dín eré rẹ̀ kù, torí irin kì í fẹ́ eré. Ẹ ra ẹnu dírìlì alátẹ̀gùn mọ́ ọn, èyí tó ṣóńṣó lẹ́nu tó sì ń fẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ẹnu dírìlì lásán máa ń gbá páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mú lójijì nígbà tó bá fẹ́ yọ lódìkejì, ihò lè di onígun mẹ́ta, páànù pàápàá lè yí tẹ̀ lé e. Ẹ fi pákó tì í lẹ́yìn, kí ẹ fi kílámpù dè é mọ́ tábìlì. Ẹ má ṣe fọwọ́ dì í mú.

Ní ti ihò ńlá àárín, ayùn roboto tí wọ́n ń ki bọ ẹnu dírìlì ló ń gé e mọ́ jù. Ti mìlímítà 114 ló bá fáànù 120 mu, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìwọ̀n kan ṣoṣo náà ló sì ń gé. Jígísọ̀, ayùn oníná tí abẹ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ń gé oríṣiríṣi. Ẹ wá abẹ irin tí eyín rẹ̀ wẹ́, bíi 24 tàbí 32 nínú íńṣì kan, kí ẹ sì fi páálì pákó fẹ́lẹ́ méjì há páànù láàárín kó má baà máa gbọ̀n. Gíráíńdà ò mọ̀ ọ́n gé ní roboto, iná tó ń ta jáde lára rẹ̀ sì máa ń jó ọ̀dà. Bó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo lẹ fẹ́ gé, ẹ gbé páànù tí ẹ ti sàmì sí lọ bá àwọn tó ń ṣe wíńdò alumíníọ̀mù ládùúgbò yín. Wọ́n lè ní ayùn roboto tàbí jígísọ̀, ẹ ó kàn san owó iṣẹ́ ni.

Àmọ́ fáìlì, ẹ ní tiyín. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, tí ojú kejì sì tẹ́jú, ni kí ẹ rà: ẹ̀yìn roboto yẹn ló ń wọ inú ihò. Títì síwájú ló fi ń jẹ irin. Tí ẹ bá ń fà á bọ̀, ẹ gbé e sókè, kí eyín rẹ̀ má baà kú. Ẹ máa fi ìka kan etí ihò jẹ́jẹ́, títí kò fi ní ta yín lọ́wọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sánpépà 240 fọ̀ ọ́, kí ẹ kun ún kó má dípẹtà.

Ẹ wọ awò ààbò látìgbà tí ẹ bá ti gbé dírìlì. Ìbọ̀wọ́ wúlò tí ẹ bá ń gbé páànù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, àmọ́ ẹ bọ́ ọ tí dírìlì bá ń yí, torí ó lè fi í wé ọwọ́ yín.

Kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tú gbogbo ohun tó wà nínú àpótí kúrò. Ẹyọ irin kan tí ò tóbi ju iyanrìn lọ lè ṣọ́ọ̀tì mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́. Ẹ̀rọ tó ń pín iná, ẹ yọ ọ́ lódindi; ẹ má ṣí inú rẹ̀, iná lè ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fà á kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá gé e tán, ẹ fi nylon wé mágínẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ṣa eérú irin, kí ẹ wá fi ọṣẹ àti omi fọ àpótí, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá nǹkan padà sínú rẹ̀.

Bí ẹ̀gbẹ́ àpótí yín bá jẹ́ gíláàsì, ẹ má ṣe gbé dírìlì sún mọ́ ọn. Gíláàsì tí wọ́n ti fi iná mú le ni, ó máa fọ́ yángá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi pásípẹ́ẹ̀sì, ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu rọ́pò rẹ̀. Ẹ má bọ́ nylon ara rẹ̀ kí ẹ tó gé e tán, kí ẹ sì jẹ́ kí jígísọ̀ máa lọ jẹ́jẹ́: bó bá sáré jù, pásípẹ́ẹ̀sì á yọ́, á sì tún lẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn abẹ.