Ìdí Tí Ẹni Tó Gun Kẹ̀kẹ́ Fi Ń Yí Ọ̀nà Po n'Ìbàdàn

Kẹ̀kẹ́ ológeere lọ̀rọ̀ wà lé lórí níbí, kì í ṣe Márúwá. Ẹni tó fẹ́ gùn ún láti Àgbowó dé Dùgbẹ̀, tí kò rò ju kó tètè dé lọ, á gba Sángo bọ́ sí Mọ́kọ́lá. Ẹni tó ti gba ibẹ̀ rí kì í fi bẹ́ẹ̀ ro ti kíá mọ́. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń rò, ìyẹn ló sì ń mú un yí gba ọ̀nà mìíràn.

Ara ló kọ́kọ́ ń mọ ewu ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ àjàgbé bá ń kọjá, atẹ́gùn iwájú rẹ̀ á ti èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá kọjá tán, atẹ́gùn ẹ̀yìn rẹ̀ á tún fà á padà sójú títì. Gọ́tà tí wọn ò dé lórí sì wà lápá ọ̀tún.

Ti Màíkírà, ọkọ̀ kékeré tó ń kó èrò n'Ìbàdàn, yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò dúró. Èrò ẹ̀yìn á ké "Ó wà o!", awakọ̀ á ya sápá ọ̀tún lójú ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn á sì ti ṣí kí táyà tó dúró. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á fa bíréèkì, tàbí kó yà sáàárín títì níbi tí ọ̀kadà ti ń bọ̀. Ìdí nìyí tí ojú rẹ̀ fi ń wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ ju ilẹ̀ lọ, tí kòtò fi ń rí i mú.

Eré ọkọ̀ ló ń sọ ìpayà di ewu gidi. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ọkọ̀ fi máa kọlu nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin: ohun tí 60 kìlómítà ní wákàtí kan fi ju 30 lọ nìyẹn. Torí náà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí awakọ̀ kórìíra máa ń fi ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lọ́kàn balẹ̀ ju títì tó ṣófo lọ, bí èéfín tilẹ̀ ń kún imú rẹ̀.

Òkè tún wá dá kún un. Ẹni tó ń gun òkè Mọ́kọ́lá kò fi bẹ́ẹ̀ yá ju ẹlẹ́sẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí kò yá kì í dúró ṣinṣin. Orí rẹ̀ á máa mì sọ́tùn-ún sósì. Ìgbà tó nílò àyè jù lọ nìyẹn, ìgbà náà sì ni ọkọ̀ ẹ̀yìn ń tẹná kó lè rí òkè gùn.

Lọ́dún 2012, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Mekuria, Furth àti Nixon, fi òpópónà ìlú San José ní Amẹ́ríkà gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ fún ìpayà tí ọ̀nà ń kó bá ẹni tó gun kẹ̀kẹ́. Ìpele mẹ́rin ni: ìkíní, ọmọdé lè gùn ún; ìkejì, ọ̀pọ̀ àgbà lè fara dà á; ìkẹta, ẹni tó ti mọ́ lára; ìkẹrin, aláyà líle nìkan. Kókó rẹ̀ ni pé wọn kì í ro ewu gbogbo ọ̀nà pọ̀ kí wọ́n wá pín in dọ́gba; ibi tó burú jù ni wọ́n ń wò. Bí àdúgbò mẹ́wàá bá parọ́rọ́, tí oríta kan péré bá wà ní ìpele kẹrin, ìpele kẹrin ni gbogbo ìrìn náà.

N'Ìbàdàn, odò wà lára ohun tó ń bí irú ibi bẹ́ẹ̀. Ògùnpa, tí àkúnya rẹ̀ ba ìlú jẹ́ ní 1980, gba Àgódi wọ àárín ìlú. Kúdẹtì náà ń bẹ. Àdúgbò tó tura á dé etí odò, ọ̀nà rẹ̀ á sì parí síbẹ̀, torí títì ńlá ló ní afárá. Ẹni tó ti ń sá fún ọkọ̀ láti ilé á wá pàdé gbogbo wọn lórí afárá kan náà. Afárá tóóró tí kò gba ju ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ lọ, tó so àdúgbò méjì pọ̀, á wúlò ju ọ̀dà funfun tí wọ́n bá fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ. Màíkírà ò ní yé dúró lórí ọ̀dà funfun.

Aago náà ń yí ọ̀nà padà. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, títì Bódìjà ṣì ṣeé gbà. Bí ọkọ̀ ẹrù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já oúnjẹ lẹ́bàá ọjà, inú ẹ̀sítéètì ló kù, bó tilẹ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí kò bá sì sí ọ̀nà mìíràn, bíi lórí afárá, ẹni náà á sọ̀ kalẹ̀, á fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kọjá, kó tó tún gùn ún lódì kejì.