Ibi tí omi dé nígbà òjò ni kẹ́ ẹ ti wọn ilẹ̀ etídò

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sábà máa ń mú oníbàárà lọ wo ilẹ̀ etí odò Asà. Omi ti fà, ó ti di tínńrín láàárín àpáta, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, owó rẹ̀ sì dín sí ti òkè. Ẹni tó bá wọn ilẹ̀ láti ibi tí omi wà lọ́jọ́ náà ti ṣìwọ̀n. Ibi tí omi ń dé nígbà tó bá kún jù ni etí odò, ìbáà ṣe Asà ní Ìlọrin tàbí Ọ̀yun lápá Ọ̀fà.

Ẹ wá àmì rẹ̀: ọ̀rá àti pàǹtí tó há sára igi, ìlà ẹrẹ̀ lára ògiri aládùúgbò, gbòǹgbò tí omi ti fọ̀ síta. Ẹ bi àwọn tó ń dá àkúrọ̀ níbẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí omi ti ń lé wọn padà. Lẹ́yìn náà, ẹ pe bíríkìlà pẹ̀lú rọ́bà omi rẹ̀, èyí tó mọ́ gaara, tó gùn tó 20 mítà. Ẹ rọ omi sí i, kí afẹ́fẹ́ má ṣe há sínú rẹ̀, torí ìyẹn nìkan ti tó láti ba ìwọ̀n jẹ́. Ẹnì kan á mú ẹnu kan rẹ̀ dání kí ojú omi bá àmì náà dọ́gba. Ẹnì kejì á máa gun ilẹ̀ yín lọ títí ojú omi tọ̀dọ̀ tirẹ̀ á fi bá ilẹ̀ dọ́gba. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kan èèkàn mọ́. Kí àmì náà má jìnnà sí ilẹ̀ yín, torí odò fúnra rẹ̀ ń dagẹ̀rẹ̀ lọ. Lórí ilẹ̀ tó ń fi mítà kan ga nínú mítà mẹ́wàá, omi tó bá fi mítà kan kún ti gba mítà mẹ́wàá lọ́wọ́ yín.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2009 wà tó dáàbò bo àbàtà, bèbè odò àti etí adágún. Kẹ́ ẹ tó sanwó ilẹ̀, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìṣètò ìlú, kí wọ́n kọ ọ́ fún yín sórí ìwé, iye mítà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ láti etí odò. Ká ní 30 mítà ni wọ́n kọ: pulọ́ọ̀tì 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100, gígùn rẹ̀ kàn fi díẹ̀ lé ní 30 mítà ni. Bó bá kọrí sí odò, kò ku ibi tẹ́ ẹ máa gbẹ́ ṣálángá sí, ká má tíì sọ ti ilé. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ kò yí ìyẹn padà. Láti 1978 ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. C of O (ìwé ẹ̀rí ìlò ilẹ̀) pàápàá, ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ ló wà fún, àṣẹ ìkọ́lé tún yàtọ̀.

Igbó tó sún mọ́ omi jù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àbùrà, ògùrọ̀, ìtàkùn àti eèsún ló di bèbè mú. Lẹ́yìn wọn, ẹ lè gbin máńgòrò tàbí ọ̀pẹ, bí ẹ ò bá ní ro abẹ́ rẹ̀ mọ́ roro. Níbi tí oko ti bẹ̀rẹ̀, kí ebè dábùú dagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀. Ebè tó kọjú sí odò ti di gọ́tà. Á gbé ajílẹ̀ òyìnbó àti oògùn apakoríko lọ sínú omi tí àwọn mìíràn ń bù mu nísàlẹ̀.

Níbi tí ilẹ̀ ti ń ya, koríko vetiver dára. Tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ ya ìdì rẹ̀ sí ẹyọ méjì-mẹ́ta, ẹ gbìn ín ní ìlà kan tó dábùú, kí àlàfo wọn jẹ́ 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àlàfo yẹn ni àgbàrá á gbà, á sì gbẹ́ kòtò síbẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti fi mítà kan ga sí i ni ìlà kejì ń bọ́ sí.

Àwọn kan á ní àwọn á kúkú mọ ògiri búlọ́ọ̀kù. Omi tó bá lu ògiri á yí sísàlẹ̀, á máa wa iyanrìn abẹ́ fáùndéṣàn títí ògiri á fi dà. Èyí tó kù á lọ jẹ bèbè ẹni tó wà lódìkejì. Àwọn tó ń wa iyanrìn fún típà ń ṣe irú rẹ̀ sí ẹsẹ̀ bèbè. Bí ẹ bá rí ibi tí ilẹ̀ sán gbọọrọ, tó ń bá odò lọ, ẹsẹ̀ bèbè ti lọ nìyẹn. Ẹ má dúró láàárín ibẹ̀ àti omi, ẹ má sì da yẹpẹ lé e. Ìwúwo ló máa wó o. Okùn ni kẹ́ ẹ ta síbẹ̀, kí àwọn ọmọdé tó ń lọ pọnmi lè gba ibòmíràn.